Asà Ilé Drosewitz

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sin Ọ̀gágun Eitel von Drosewitz, ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Sabina, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń wo ọbẹ̀ tí wọ́n fi bíà sè tó ti tutù nínú abọ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sunkún. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ le o. Ara rẹ̀ ló kú tipiri. Bí èèyàn bá fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́jọ́ náà, bóyá ló máa mọ̀.

"Ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀, ìyáàfin," ni Trine wí, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ti jọ wà láti ìgbà tí Sabina ti wọlé ọkọ. "Tí ẹ bá lọ ṣubú lé pósí lórí, èmi kọ́ ni màá gbé yín. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Mi ò ní ṣubú."

"Ohun tí ẹ sọ náà nìyẹn níjọ́ tí a sin Albrecht."

Albrecht ni àkọ́bí. Ìbọn àwọn ará Sweden ló pa á. Ibà àgọ́ ológun ló pa èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni Jobst, ìyẹn ni wọn kì í dárúkọ nínú ilé. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó sá lójú ogun, abẹ́ àṣẹ bàbá rẹ̀ gan-an ló sì wà. Bàbá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kí wọ́n so ó kọ́. Nígbà tí wọn ò rí i mú, wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sára páànù, wọ́n kàn án mọ́ igi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn ọ̀daràn lẹ́yìn ìlú. Ọdún kọkànlá rèé, páànù náà ò tíì kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá tẹ Jobst, ọjọ́ náà ni wọ́n máa so ó. Ẹ má bi mí irú bàbá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yìn ín fún un nígbà náà, àní ọba kọ lẹ́tà sí i.

"Tí wọ́n bá fọ́ asà yẹn lónìí," Trine tún ní, "ibo la ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ àbúrò mi."

"Ìyàwó àbúrò yín tó ń ka ọkà fún adìẹ jẹ? Ó dáa. A ó máa wò ó lójú."

Ọ̀rọ̀ asà yìí ò ṣòro. Tí ó bá dà bí ẹni pé ọkùnrin tó kẹ́yìn nínú ìdílé ọlọ́lá kan ti kú, ìránṣẹ́ ọba á bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta létí sàréè bóyá ó ku ọkùnrin kankan. Opó ló máa dáhùn. Tó bá ní kò sí, wọ́n á fọ́ asà tó jẹ́ àmì ìdílé náà, wọ́n á jù ú lé pósí lórí, ilé àti ilẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ ọba.

Òjò ń ṣẹ́ wínniwínni nígbà tí wọ́n dé ibi sàréè. Ìránṣẹ́ ọba gbé asà náà dání, asà onígi tí wọ́n ya àkùkọ pupa sí. Ó bèèrè pé, "Ṣé ọkùnrin kankan ṣì kù nínú ilé Drosewitz?"

Sabina fẹ́ dáhùn, ó wá rí ọkùnrin kan lẹ́yìn àwọn àgbẹ̀. Onírùngbọ̀n ni, ó wọ bàtà aláwọ gígùn bíi ti àwọn atukọ̀, ó sì fọwọ́ di ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀ mú. Bí Jobst ṣe máa ń dúró nìyẹn látìgbà tó ti wà ní kékeré, tí bàbá rẹ̀ bá ń bá a wí. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí Sabina lọ́kàn ni pé ọmọ náà ti ń hewú. Kò yà á lẹ́nu, inú rẹ̀ ò sì dùn.

Ìránṣẹ́ ọba bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ dá a lóhùn, òjò ń pa wá," ni Trine sọ sí i létí. Ó wá wo ibi tí ojú ìyáàfin rẹ̀ wà. Ó gbá apá ìyáàfin náà mú.

Atukọ̀ náà ṣí fìlà. Ó gbẹ́sẹ̀ kan síwájú. Ó yé Sabina wàyí: ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbalé lọ́wọ́ ìyá òun, ó wá láti jẹ́wọ́ ẹni tí òun jẹ́. Ọmọ tó sá fún ikú lọ́mọ ogún ọdún ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀ yìí. Ẹnu rẹ̀ ti ń là.

"Kò sí," ni Sabina wí. Ohùn rẹ̀ le débi tí àlùfáà fi gbójú sókè. "Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bí. Wọ́n ti kú tán."

"Mi ò tíì bèèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyáàfin."

"Ẹ bèèrè ẹ̀. Nǹkan kan náà ni màá sọ."

Ó bèèrè. Sabina ò wo ìránṣẹ́ ọba, atukọ̀ ló tẹjú mọ́. "Kò sí," ló wí. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé.

Wọ́n fi òòlù fọ́ asà náà. Ìránṣẹ́ ọba kéde pé, "Drosewitz wà títí di òní. Láti òní lọ, kò sí Drosewitz mọ́." Orí àkùkọ náà bọ́ síbi ẹsẹ̀ pósí.

Àwọn èèyàn wá tò, wọ́n ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n ń kí opó. Atukọ̀ náà wà lára àwọn tó kẹ́yìn. Ó bu tirẹ̀ sí i, ó wá dúró níwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyáàfin."

"O ṣé. Ṣé ọ̀nà jìn?"

"Ó jìn díẹ̀. Òdìkejì ààlà ni mo ti ń tukọ̀."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Máa lọ nísinsìnyí, kí ilẹ̀ má baà ṣú ọ sọ́nà. Má padà wá síbí."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Àlùfáà sún mọ́ Sabina, ó bèèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́.

"Atukọ̀ ni," ni Sabina dá a lóhùn. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó dúró títí tí bàtà gígùn yẹn fi kọjá igi tí páànù wà, tó sì yà sọ́nà odò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbẹ́.

"Trine," ló wí, "tú apá mi sílẹ̀. Ó ń dùn mí."