Ìmọ̀ràn Kẹrin Lórí Ìwé Mi

Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní Pukakancha kò gbọdọ̀ jẹun yó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òkè wa ga, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í tó ẹni tí kò bá mọ́ lára. Kó mu omi, kó mu àgbo ewé kóká gbígbóná, kó máa rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, kó jẹ díẹ̀, kó sùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tó di àárọ̀, orí á máa fọ́ ọ, gbogbo ohun tó jẹ á sì padà wá kí i.

Èmi Nicasio, iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò láti ìlú ńlá Kusko, níbi tí mò ń gbé báyìí, wá sórí òkè. Lọ́jọ́ kìíní, ọkọ̀ á gbé wa dé abúlé wa. Lọ́jọ́ kejì, a ó gun òkè Yuraqpunku kọjá, ẹlòmíràn lórí ẹṣin, ẹlòmíràn á fẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á wẹ̀ nínú omi gbígbóná tó ń sun lódìkejì òkè, ọkọ̀ á sì wá kó wọn. Ilé màámi ni wọ́n ń sùn sí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àlejò mi ti jẹun yó nílé màámi tí wọn ò sì lè gòkè lọ́jọ́ kejì. Edelmira, ọ̀gá mi ní Kusko, kò fi ọ̀rọ̀ bò fún mi.

"Nicasio, tí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, mo máa gbé ọ̀nà yẹn gba abúlé míì. Má sọ pé mi ò sọ fún ẹ o."

Ilé mọ́kànlá ló ń fi ẹṣin wọn ru ẹrù àlejò ní Pukakancha. Bí ọ̀nà bá kúrò níbẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Nítorí náà, mo pe màámi lórí fóònù kí a tó gbéra.

"Màámi, ọbẹ̀ nìkan o. Abọ́ kékeré kan fún ẹnì kan."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ má pa kuy kankan o." Kuy ni eku ńlá tí à ń sìn nínú ilé fún jíjẹ.

"Ta ló ní mo fẹ́ pa kuy? Ṣé ìwọ lò ń bá mi sìn wọ́n ni?"

Ará Jámánì márùn-ún ni mo kó wá lọ́tẹ̀ yìí. Àgbà wọn ni Ulrike, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ màámi, mo lọ yẹ àwọn ẹṣin wò. Nígbà tí mo fi máa dé, òórùn ẹran sísun ti gba gbogbo àgbàlá. Pòtétò wà lórí tábìlì bí òkìtì, wàrà líle wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà níbẹ̀. Àwọn kuy tó ń sá kiri lábẹ́ ààrò màámi nígbà tí a dé ti dùbúlẹ̀ sínú àwo, wọ́n yọ eyín sí mi. Àwọn àlejò ń làágùn, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí ọlọ́pàá dúró tì.

"Màámi! Kí la jọ sọ?"

"Ọbẹ̀ náà ni mo sè. Ìyókù kàn sìn ín wá ni."

"Ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

"Wò ó bí wọ́n ṣe rù. Ṣé wọn ò ní ìyá nílé ni?" Ó ti abọ́ kan sọ́dọ̀ mi. "Ìwọ náà jókòó."

"Iṣẹ́ ni mo wá ṣe, màámi. Mi ò lè jẹun."

Mo sọ fún àwọn àlejò pé ó tó. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo màámi pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ lọ. Ó ṣe mí bíi kí n fi orí gbá ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́rin nínú wọn ò lè dìde. Èébì níhìn-ín, èébì lọ́hùn-ún. A ti di ẹrù sórí ẹṣin. A tún tú u. Mo gun àpáta tí a ti máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pe Edelmira. Kò tilẹ̀ pariwo. Ó ní, "Ó ti tán nìyẹn," ó sì pa fóònù.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ lé màámi lórí. Mo ní ó ti bayé mi jẹ́, mo ní agídí rẹ̀ ló lé àlejò kúrò lábúlé. Ó kàn ń bó pòtétò rẹ̀ lọ. Ulrike ló jáde wá, ó di ògiri mú, ojú rẹ̀ funfun bí eérú.

"Má bínú sí ìyá ẹ," ó ní. "Ìwọ lo ní ká jẹ ẹ́."

Ó fa ìwé kan yọ lápò. Ìwé ìmọ̀ràn tí mo máa ń pín fún àlejò ní Kusko ni, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Ìkẹsàn-án sọ pé: ẹ jẹ díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìkẹrin sọ pé: ẹni tó bá kọ oúnjẹ obìnrin nínú ilé rẹ̀ ti fi àbùkù kàn án, ẹ jẹ ẹ́ tán.

"A jọ jíròrò lórí ẹ̀," Ulrike ní. "A rí i pé ìkẹrin ló ṣáájú ìkẹsàn-án."

Àfọwọ́fà mi ni gbogbo rẹ̀. Àlejò kan ló ti ọbẹ̀ màámi sẹ́yìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tó nu ṣíbí lẹ́ẹ̀mẹta. Màámi gbé e fún ajá. Ó dùn mí wọnú eegun, ni mo bá kọ ìmọ̀ràn náà ṣáájú ti òjò, ṣáájú ti oòrùn.

"Kí ló wà nínú ìwé yẹn?" màámi bi mí, torí kò gbọ́ èdè tí a ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, màámi."

"Kí ló wá dé tí ìwọ ò kà á?" Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́ta lo ti ń kó wọn wá. O ò tíì jókòó jẹun nínú ilé yìí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní tí mo bá sè é kó pọ̀ gan-an, o máa jókòó."

Ó ṣí aṣọ kúrò lórí abọ́ kan. Abọ́ tó tì sọ́dọ̀ mi lánàá ni, ààbọ̀ kuy àti pòtétò, gbogbo rẹ̀ ti tutù. Mo jókòó. Inú ṣì ń bí mi sí Edelmira, sí ara mi, sí màámi pàápàá, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́.

"Tí àwọn òyìnbó ò bá wá mọ́," màámi ní, "ìwọ ńkọ́, ṣé wàá ṣì máa wá?"

Pòtétò kún ẹnu mi. Ó dúró títí mo fi gbé e mì.