Ìtumọ̀ Ṣòkòtò Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta

Nínú ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí ẹnì kankan ò ti mọ ojú ẹnì kejì, Ṣòkòtò Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta ni wọ́n ń pe télọ̀ kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Níbi iṣẹ́, "ìwọ yìí" ni ọ̀gá ẹ̀ ń pè é.

Orúkọ náà ò ní ọgbọ́n kankan nínú. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, oníbàárà kan kó aṣọ ṣòkòtò méjì wá. Ọ̀gá gé e, ó tò ó jọ, ó sì lọ jẹun. Télọ̀ wa jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú kan lórí aṣọ, ojú kejì lórí bọ́ọ̀lù inú fóònù. Nígbà tí wọ́n fi máa fọn fèrè ìparí, ó ti rán ṣòkòtò méjì lóòótọ́: ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, èkejì ní ẹyọ kan. Kàkà kó jẹ́wọ́, ó ká méjèèjì, ó gbé wọn relé, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá wá aṣọ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni télọ̀ wọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní kó mú orúkọ kan, ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ló bá a mú un.

Ìgbà tí ẹnì kan wá bi í pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, ó wòkè, ó wolẹ̀, ó ní: "Ẹsẹ̀ kìíní ni sùúrù, ìkejì ni òṣùwọ̀n, ìkẹta ni òtítọ́." Òtítọ́ o! Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀, lórí aṣọ, lórí ọkọ, lórí àna. Ẹni tí ò lè ka ẹsẹ̀ ṣòkòtò dé méjì!

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiẹ̀ ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀gá fi bàbá ẹ̀ sínú ẹgbẹ́. Ìka kan ṣoṣo ni ọ̀gá fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, kò sì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan, tàbí kó kà á, láìpariwo ẹ̀ síta. Báyìí ni télọ̀ ṣe mọ̀ pé ọ̀gá òun ti di ọmọ ẹ̀yìn òun. Ọ̀gá kọ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Ìwọ yìí, wo ọgbọ́n! O lè sọ irú ẹ̀?"

"Rárá, ọ̀gá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó ń pè é jáde: "Ẹ... kú iṣẹ́... Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta. Ọpọlọ mi... ti ń jó rẹ̀yìn. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn... mo fọwọ́ ara mi gé aṣọ oníbàárà... n ò mọ ibi tí mo gbé e sí dòní. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá tó bí mi. Mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù... lópin oṣù. Kí lẹ rí sí i?"

Fóònù dún nínú àpò télọ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Àna mi ni, ọ̀gá."

Ìtìjú mú un, àánú ọ̀gá sì ṣe é gidigidi. Ó ti rò pé ṣòkòtò lòun tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ baba arúgbó ni. Tó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Tó bá dákẹ́, ọ̀gá á máa ka ara ẹ̀ sí aláìsàn títí ayé. Ó kọjú sí ògiri, ó tẹ èsì.

Ọ̀gá gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó ń kà á jáde: "Ọ̀gá... orí yín pé. Ìwọ yìí, o gbọ́? Ó ní orí mi pé! Ẹ ò... gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo rán aṣọ náà... di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta... mo sì gbé e pa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́... ẹ wẹ̀yìn."

Ọ̀gá wẹ̀yìn. Télọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, fóònù lọ́wọ́.

"Ìwọ yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ìwọ ni sùúrù, òṣùwọ̀n àti òtítọ́?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Ọ̀gá ní kó sáré lọ gbé ẹrù náà wá. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka ka ẹsẹ̀ ẹ̀, ó pé mẹ́ta. Ó tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín sì di ẹkún. Ó ké sí ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìnkùlé: "Ìyá wọn, wá wò ó! Orí mi ò dàrú o! Òpònú ni mo gbà síṣẹ́!"

Ọ̀gá ò bá a wí lọ́jọ́ náà. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó bẹ̀rẹ̀: bọ́tìnì tó rán sẹ́yìn ẹ̀wù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò rọ̀, kọ́là ẹ̀wù dókítà kan tó fi áyọ́ọ̀nù jó lọ́sẹ̀ kejì ọdún, ẹ̀ṣẹ̀ ọdún mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ wọn, láìfo ọ̀kan. Ìyàwó ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ojú, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.