Ilà Kẹta

Kíláàsì náà wà nínú pálọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìrágbìjí, èyí kò sì ya Ṣẹ̀gílọlá lẹ́nu. Wọ́n ti to kọ̀ǹpútà sórí àpótí aṣọ òkè màmá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú pátákó ìyàwòrán tí ń tan iná lórí itan wọn. Olúkúlùkù ń ya ẹni tí yóò wọ inú géèmù rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ń ya jagunjagun kan, jagunjagun náà sì ń ráhùn pé bàtà tí wọ́n yà fún òun há òun lẹ́sẹ̀.

Ìyá Àgbà ni Ṣẹ̀gílọlá ń yà. Màmá ti kú ṣáájú Iléyá èṣí, kò sì fi fọ́tò kankan sílẹ̀, torí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun láyé rẹ̀. Ó ní ojú òun kì í ṣe ohun tí wọn yóò máa gbé kiri nínú fóònù. Ibi kan ṣoṣo tí ojú yẹn wá ṣẹ́ kù sí ni orí Ṣẹ̀gílọlá, orí ọ̀hún kò sì ṣe é gbọ́kàn lé, orí ẹni tó ń gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo géèmù tó ti ta láti ilé ìwé girama, ẹni tó bá kú a máa jí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń wá fún Ìyá Àgbà nìyẹn. Lára ògiri, ọ̀pá aláwọ̀ ewé kan ń kún díẹ̀díẹ̀. Bó bá kún tán, géèmù ti gba àwòrán wọlé nìyẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì tì.

"Ẹ lo irinṣẹ́ onídígí," ni Ọ̀gbẹ́ni Fátókun, olùkọ́ wọn, wí láti ojú fèrèsé. Orí rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. "Ohun tí ẹ bá yà sí òsì, yóò bá yín yà á sí ọ̀tún. Ẹni tó ń kánjú ni wọ́n ṣe é fún."

Ṣẹ̀gílọlá ń kánjú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ya ojú òsì, ojú ọ̀tún là fúnra rẹ̀. Ó ya etí kan, ó di méjì. Ó wá kọ pélé mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mẹ́ta sì yọ ní ọ̀tún, ó gún régé. Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni Ìyá Àgbà ti dìde jókòó nínú pátákó náà, ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Àrìnkẹ́," ó ní, oríkì tí òun nìkan fi ń pè é. "Ta ló bá mi parí ohun tí mo sá fún?"

Ìgbà yẹn ni Ṣẹ̀gílọlá rántí. Ta ni kò mọ ìtàn yẹn nínú ilé wọn? Nígbà tí Ìyá Àgbà wà lọ́mọdé, olóòlà ti kọ mẹ́ta sí òsì, ó ti kọ méjì sí ọ̀tún, ó ń nu abẹ láti kọ ẹ̀kẹta, ni ọmọ bá já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gba inú oko àgbàdo lọ. Nígbà tí wọ́n máa rí i, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilà rẹ̀ kò pé, a nàka sí ibi tó ṣófo náà, a ní, "Ibí yìí ni tèmi. Àwọn ló kọ ìyókù." Ṣẹ̀gílọlá ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u, síbẹ̀ ó jẹ́ kí irinṣẹ́ onídígí dí ibẹ̀ fún un. Ojú tì í gan-an.

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Mo máa pa á rẹ́."

"Ṣe kíá. Olóòlà ti gbọ́ pé ilà náà pé, ó ń gbé omi ìgbín bọ̀ wá wẹ̀ ẹ́. Bó bá ti wẹ̀ ẹ́, ó jinná nìyẹn, kò ní ṣe é pa rẹ́ mọ́."

Ṣẹ̀gílọlá pa ilà kẹta ọ̀tún rẹ́, ni ti òsì náà bá parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. "Èmi ò mọ ẹni yìí," ni ilẹ̀kùn pálọ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ó dá a padà kíá, mẹ́ta àti mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣẹ̀gílọlá fi ẹ̀sọ̀ mú un, ó bàjẹ́ bákan náà. Bọ́tìnnì onídígí kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pá ara ògiri ti kọjá ìdajì, ẹnì kan sì ń kí wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ẹ kú ilé o." Ohùn náà tutù, ó ní ọ̀yàyà. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

"Òjò ti ṣú, Àrìnkẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Kí là ń ṣe bí òjò bá ṣú?"

Òjò ti ṣú nínú pálọ̀ lóòótọ́. Láyé màmá, bó bá ti ṣú báyìí, Ṣẹ̀gílọlá ni wọ́n ń rán láti lọ bo dígí, kí mànàmáná má bàa rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wòkè, dígí náà wà lára ògiri níbi tó máa ń wà. Ó fa ìró àdìrẹ kan yọ lórí okùn, ó fi bò ó. Gbogbo ohun tó wà nínú kíláàsì ṣẹ́ kù sí apá kan. Jagunjagun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ọlọ́wọ́ kan, ó sì ní, "O kú iṣẹ́ o."

Ó pa ilà kẹta ọ̀tún rẹ́. Ti òsì dúró. "Ẹ káàbọ̀," ni ilẹ̀kùn wí. Ìyá Àgbà fọwọ́ pa ibi tó ṣófo náà, ó rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì ń kéré títí ó fi di ọmọdébìnrin kan tó ró ìró péńpé. Ó sáré wọ inú oko àgbàdo tí Ṣẹ̀gílọlá kò rántí pé òun yà. Ewé pa dé mọ́ ọn. Ayọ̀ mú kí Ṣẹ̀gílọlá sunkún.

Ṣùgbọ́n ilà náà kò lọ. Ó rọ̀ mọ́ ẹnu bírò ìyàwòrán, ó dúdú, ó kéré bí irun ìpéǹpéjú, ó sì ń mira. Ó gbọn bírò títí, kò já. Ilẹ̀kùn ṣí fún olóòlà, torí ó mọ òun náà. Bàbá arúgbó kan ni, ó mọ́ tónítóní, ìgbín tí wọ́n ti fọ́ ìdí rẹ̀ ń ro lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìyàwòrán o," ó ní. "Ilà mi kan wà níbí. Mo fẹ́ gbé e padà sára ẹni tó ni ín."

Aṣọ Ṣẹ̀gílọlá kò lápò. Kí bàbá náà tó gbójú sókè, ó fi ẹnu bírò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀, ó sì káwọ́ lórí itan bí ọmọ dáadáa. Kò dùn ún. Ó kàn tutù ni.

Olóòlà wo inú pátákó, ó wo abẹ́ àpótí, kò rí nǹkan kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n Ṣẹ̀gílọlá sókè, ó yí ojú rẹ̀ sí ibi ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún àánú.

"Wọ́n ti kọ ọ̀kan fún ọ," ó ní. "Ó ku márùn-ún."

Nínú pátákó, ọwọ́ kékeré kan yọ láàrin ewé àgbàdo, ó ń pè é pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀ kíá. Ṣẹ̀gílọlá wo ògiri. Ọ̀pá náà ti kún, ilẹ̀kùn sì ti tì.