Ohun Tó Yẹ Kó Já

Kí ló dé tí kò já? Mo tẹ bọ́tìnnì ìdánwò, mo gbọ́ ọ — kọ́! — bí ẹni fi eyín fọ́ egungun ẹja. Iná mànàmáná wọ ibẹ̀ dájú. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìdáná họ́sítẹ́ẹ̀lì yìí ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń wò mí lórí àkàbà bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan.

Àbí bátìrì ni? Rárá, tẹ́sítà tàn yòò. Wáyà ńkọ́? Mo ti fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò gé níbì kankan. Lánàá ṣáà, níwájú Ẹ̀ńjìníà Fọláránmi, wẹ́rẹ́ ló já, ilẹ̀kùn sì pa ara rẹ̀ dé gbàgà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ́ pàtẹ́wọ́. Irin pẹlẹbẹ méjì péré, kò ju ìka mi lọ, tí wọ́n fi òjé lẹ̀ mọ́ra! Òun ló so okùn tó fa ilẹ̀kùn sẹ́yìn. Ẹ̀rọ òkè àjà bá gbóòórùn èéfín, iná mànàmáná á wọ inú irin náà, òjé á yọ́, okùn á tú, ilẹ̀kùn á sì pa dé mọ́ èéfín... "Bàbá, èéfín máa ń ṣáájú iná dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sùn." Fọláránmi ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sùn. Mosúnmọ́lá ọmọ mi ni yóò máa sùn lókè ibí bó bá di ọjọ́ Ajé, òun àti ogójì ọmọbìnrin mìíràn. Òkà ló ti fẹ́ kàwé, kò gbọ́ ti Ìkàrẹ́ mọ́.

Mo sì fi tuntun sí i lánàá. Mo fi sí i dáadáa. Mo tiẹ̀ fi tépù dúdú wé e kó lè gún régé...

Jẹ́ n fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ tépù náà, nǹkan sì ń yọ̀ nínú rẹ̀. Irin méjèèjì ti pínyà! Ó já. Ó kúkú ti já! Kí ló wá di okùn mú?

"Bàbá Mosún, nǹkan yín yìí mà já o! Ẹ bá wa so ó kó le, ẹ jàre." Elizabeth, alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì, ló wí bẹ́ẹ̀ lánàá, lẹ́yìn tí Fọláránmi lọ tán. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo gé wáyà kọ́pà — ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wé e mọ́ irin tuntun náà — kí n tó fi tépù bò ó. N kò ronú sí i rárá. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ogún ọdún ló ti ń ṣe é. Fúùsì bá já lẹ́ẹ̀mejì, mo fi wáyà kọ́pà tó nípọn dípò rẹ̀. "Fúùsì tí Zacchaeus bá so kì í já mọ́!" Orí mi á wú. Gbogbo Ìkàrẹ́ ló mọ̀ mí mọ́ ọn.

Kì í já mọ́... Ṣùgbọ́n fúùsì náà, ṣebí torí kó lè já ni wọ́n ṣe ṣe é, kí wáyà má baà gbóná jólé?

Mo so ti ilé Ọ̀jẹ̀wálé. Ṣọ́ọ̀bù Christiana tó ń ránṣọ. Ilé tèmi náà, níbi tí Mosúnmọ́lá sùn mọ́jú òní.

Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ilé mélòó ni, Olúwa? Ilé mélòó ni mo ti so le báyìí?