Àwọn Atukọ̀ Tó Yíjú Padà

Iṣẹ́ mi ni kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun ilé sinimá, kí n máa fi Haúsá sọ ohun tí àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ń wí. Ìdí ààrò ọ̀gá òyìnbó kan tí mo ń dáná fún ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi, kì í ṣe ilé-ìwé. Mo mọ iyọ̀, mo mọ ọbẹ̀, mo mọ èébú. Èyí tí n kò bá gbọ́, òwe ni mo fi ń dí i. Bí ọkùnrin bá fẹ́ fẹnu ko obìnrin lẹ́nu, Garba tó ń yí ẹ̀rọ á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú iná, èmi á sì wí fáwọn èèyàn pé, "Wọ́n ń kí ara wọn." Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń pa irọ́ yẹn. Ọlọ́run má fi iṣẹ́ tí yóò sú wa dán wa wò.

Ní ọdún 1954, nígbà ọyẹ́, sinimá àwọn atukọ̀ òkun kan dé. Àwọn mẹ́ta gba ìsinmi, wọ́n wọ ìlú ńlá, ọ̀kan nínú wọn rí ọmọbìnrin tó ń jó ní gbọ̀ngàn eré, ìfẹ́ bá dé. Ijó ló kún inú rẹ̀. Wọ́n kan irin mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, ẹsẹ̀ wọn ń dún bí ìgbà tí yìnyín ń bọ́ sórí páànù.

Ìròyìn rẹ̀ dé Kofar Rini, àdúgbò tí à ń gbé, ó dé etí Bùsírátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Màmúdù. Ìlọrin ni gbogbo wa ti wá. Bí ìyàwó kì í ti í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, Ẹlẹ́nu-Òyìnbó ló sọ mí. Àlíyù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sí Èkó láti ọdún méje. Lẹ́tà kan péré ló kọ: òun ti ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa. Ó ti rẹ Màmúdù. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, òun ó pe àwọn àfáà wá ṣe fìdáù fún ọmọ náà. Fìdáù! Àdúrà tí à ń ṣe fún ẹni tó ti kú. Ìyá ọmọ ní òun ò gbà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó wá bá mi.

"Ẹlẹ́nu-Òyìnbó, wọ́n ní àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà wà nínú sinimá yín."

"Ìyá Àlíyù, eléré ni wọ́n o. Wọ́n kàn wọ aṣọ atukọ̀ ni."

"Ṣé fọ́tò kọ́ ni?"

"Fọ́tò ni."

"Ṣé fọ́tò lè mú ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni? Mo ti wí fún ẹ̀gbọ́n yín. Bí n kò bá rí ojú ọmọ mi láàrin wọn, kí àwọn àfáà máa bọ̀ lọ́la."

Mo gbà láti mú un lọ. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, inú ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá, yóò wò ó.

Obìnrin ilé kì í dé ilé sinimá nílùú yìí. Bùsírátù fi ìborùn bo ara látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn Màgàríbì, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn àtẹ Kulu tó ń ta ẹ̀pà.

"Kai!" ni Kulu wí. "Ṣé o ti gbé ìyàwó tuntun?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Dákẹ́, jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ mọ̀ pé ó wá wo ijó?"

Sinimá bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi ń túmọ̀, ojú mi ń bẹ lára rẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò, gbogbo wọn funfun bí ẹfun. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ reluwé, ọkùnrin dúdú kan gbé àpótí kọjá. Bùsírátù dìde fùú.

"Ẹ dá a dúró!"

"Kò ṣeé dá dúró, Ìyá Àlíyù."

Ọkùnrin náà ti lọ. Ó wò mí. "Ṣé òun ni?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Bí mo bá ní òun ni, kò sí fìdáù lọ́la, yóò sì sùn. Ta ni yóò mú mi? Mo gbé e mì. "N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá Àlíyù."

Ijó ìkẹyìn ló wá dé. Bí ogún atukọ̀ tò, wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Kí n tó ṣẹ́jú, Bùsírátù ti wà níwájú aṣọ funfun, òjìji rẹ̀ bò wọ́n lẹ́sẹ̀. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló ń pè, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ìyá tí kò ní wẹ̀yìn:

"Àkànó o! Àkànó ọmọ Màmúdù,
ọmọ olóbì tí í fi ẹnu rere pàtẹ,
ọmọ tí mo pọ̀n nínú ọkọ̀ ẹrù láti Gúsáù,
tí eruku bò lójú tí kò sunkún.
A-rìn-jìnnà-bí-oòrùn,
oòrùn a máa wọ̀, oòrùn a máa yọ.
Àkànó, ìyá rẹ ló ń pè ọ́!"

Ariwo sọ. "Ke! Zauna!" Wọ́n ní kó jókòó. Ẹnìkan pè é ní wèrè. Kulu bá nà ró pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́: "Ìyá ni! Ṣé ẹ ò ní ìyá ni?" Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Nígbà náà ni àwọn atukọ̀ ogún yẹn yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Àlíyù kò sí níbẹ̀.

"Ẹlẹ́nu-Òyìnbó, kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Bí ijó wọn ṣe rí nìyẹn. Wọn ò gbọ́ wa."

Mo sìn ín dé ilé. Orí awọ àgùntàn ni Màmúdù jókòó sí, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

"O rí i?"

"N kò rí i, Bàbá Àlíyù."

"Ṣé wọ́n ń jó lóòótọ́?"

"Ijó ni látòkè délẹ̀. Bàtà onírin."

Màmúdù gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Bùsírátù, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ọlọ, tó jókòó sẹ́yìn ìkòkò omi lọ́jọ́ wòlímọ̀ ara rẹ̀ nítorí kí wọ́n má bàa ní kó jó, kí ló fẹ́ wá láàrin àwọn yẹn?"

Bùsírátù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ títí tó fi di omi lójú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù dé.

"Mo ti wí, n kò ní yẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè é ní òkú. Bó bá wà láàyè, kí àdúrà náà jẹ́ ààbò fún un. Bó bá ti lọ, kó jẹ́ àánú. Ọlọ́run mọ ibi tí yóò gbé e dé."

"Àmín," ni Màmúdù wí, ó sì sún fún un lórí awọ náà.

Sinimá yẹn tún lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Bí àwọn atukọ̀ bá ti yíjú padà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi kì í túmọ̀ nǹkan kan.