Ọ̀rọ̀ Tó Rọ̀

Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ń ràn wá lọ́wọ́ nínú ogun náà. Wọ́n ń kó ìbọn wá, wọ́n ń kó ọta wá, wọ́n sì ń kó ìmọ̀ràn wá. Ìmọ̀ràn ni kì í tán lọ́wọ́ wọn. Ọ́fíìsì aṣojú ọ̀kan nínú wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò sì sí ohun tí wọ́n ń bá ìjọba wa sọ tí kì í gba ẹnu mi tàbí ọwọ́ mi kọjá. Ìyá Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. N kò bímọ kankan, àmọ́ mo ti bí ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn márààrún pinnu láti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí Mínísítà wa. Ohun mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ kí ìjọba tún ṣe kí ọkọ̀ ohun ìjà tó kàn tó gbéra. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn, àmọ́ ọwọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láàárín ara wọn, kò sì sí èyí tó mọ̀ bóyá òsì lòun tàbí ọ̀tún.

Ohun kẹta ló kàn mí. Ó dá lórí àwọn tí ìjọba kó sínú ilé iṣẹ́ bíríkì àtijọ́ láìgbé wọn dé kóòtù. Àbúrò mi ọkùnrin wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni. Ó ń fá irun oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tó sọ pé ogun yìí kò ní tán lọ́dún yìí. Wọn kò jẹ́ kó fá orí náà tán tí wọ́n fi mú un lọ, ó sì ti di oṣù mẹ́rìnlá nígbà náà. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ní ọ́fíìsì. Nínú fọ́ọ̀mù tí a máa ń kọ lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹbí ẹni wà látìmọ́lé, mo kọ "rárá". Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi.

Ìpàdé mẹ́fà ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní yàrá òkè, èyí tí wọ́n lẹ bébà mọ́ fèrèsé rẹ̀ nítorí bọ́ǹbù. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu tíì, ẹnì kan á ní ìjọba òun kò lè fọwọ́ sí gbólóhùn báyìí, wọ́n á dìde. Ọ̀rọ̀ tó há wọn lọ́fun ni "ẹ tú wọn sílẹ̀". Ọ̀gá mi, tí a ń pè ní Onídígí nítorí pé awò ojú kan máa ń wà nímú rẹ̀, òmíràn lórí rẹ̀, ló fẹ́ kó dúró. Aṣojú kan tó sanra ní rárá o, Mínísítà á bínú, bó bá sì bínú, ta ni yóò bá wọn di ẹnu odò mú kí ọ̀tá má kọjá?

Ní ìpàdé keje, Onídígí yíjú sí mi. "Ìyá Ọ̀rọ̀, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju èyí lọ ní èdè yín?"

Ó béèrè nítorí pé èyí tí a bá kọ ní èdè wa ni ìjọba ń tẹ̀ lé, kì í ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ tó rọ̀ sì wà. "Tú sílẹ̀" ní ẹ̀sùn nínú, torí ẹni tó so nǹkan mọ́lẹ̀ la ń ní kó tú u. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Àmọ́ n kò ní purọ́, kì í ṣe torí òwe ni mo ṣe dáhùn. Ìpàdé keje la wà, Màmá sì ń béèrè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Mo fẹ́ kí lẹ́tà náà ṣáà lọ.

"Ẹ lè ní kí wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀, sà," ni mo wí. "Ìyẹn ò le létí."

A kúkú máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ya wọ àdúgbò, a ó ní ká tètè kó àwọn èèyàn kúrò. Ohun rere ló wà lọ́kàn mi. Wọ́n tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà: "Ẹ kó gbogbo wọn kúrò níbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí."

Mo sọ fún Màmá nígbà tí mo délé pé àbúrò mi á wálé. Kò yẹ kí n sọ.

"Ta ló ní á wálé?" ó béèrè.

"Èmi gan-an ni mo kọ ọ́, Màmá."

"Ọwọ́ tó kọ ọ́ ò ní rọ," ó wí, ó sì di ọwọ́ náà mú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń palẹ̀ yàrá àbúrò mi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fáwọn aládùúgbò, ó sì sọ fún gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kejì oṣù tuntun, Mínísítà pe àwọn márààrún sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn Onídígí kí n lè máa sọ̀rọ̀ sí i létí. Ara Mínísítà yá. Ó ní ohun kẹta ti parí. Àwọn aṣojú náà sì ti lọ wo ilé iṣẹ́ bíríkì láàárọ̀. Ẹnì kan ò sí níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti gbálẹ̀ rẹ̀.

"Béèrè ibi tí wọ́n wà," Onídígí sọ fún mi.

Mo béèrè.

"Wọ́n wà lẹ́nu odò," Mínísítà dáhùn. "Wọ́n ń gbẹ́ kòtò fáwọn ọmọ ogun wa, níwájú pátápátá. Ọwọ́ ò tó níbẹ̀."

Onídígí ní kì í ṣe ohun tí àwọn béèrè nìyẹn. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Mínísítà yọ lẹ́tà náà jáde, ó fi ìka tẹ ìlà rẹ̀, ó kà á sókè. "'Ẹ kó gbogbo wọn kúrò níbẹ̀.' A kó wọn kúrò. Àbí èmi ni mi ò gbọ́ èdè ìyá mi mọ́ ni?"

Àwọn márààrún wò mí. Onídígí rọra bi mí ní èdè tirẹ̀ bóyá ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nìyẹn lóòótọ́.

"Ó lè túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Aṣojú tó sanra rán an létí pé ọkọ̀ ohun ìjà ti gbéra. Onídígí fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ohun kẹta pé ó ti parí, ó ní ká lọ sí ìkẹrin. Ìkẹrin dá lórí àwọn oníwèé ìròyìn. Mo túmọ̀ rẹ̀ tán, mo túmọ̀ ìkarùn-ún, mo túmọ̀ ìkẹfà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè jókòó ti ẹyin tó fọ́, kó máa báṣẹ́ lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni Màmá dúró sí nígbà tí mo délé. N kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Mo sọ ibi tó wà, mo sọ ẹni tó fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kó òun àtàwọn yòókù lọ.

"Àbúrò ẹ ò gbẹ́lẹ̀ rí láyé ẹ̀," ó wí. "Abẹ ló mọ̀ ọ́n mú."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ṣé wọ́n á kọ òmíràn?"

"Wọ́n ní ó di oṣù mẹ́ta sí i."

"Oṣù mẹ́ta." Ó yí padà, ó wọlé lọ. Mo retí kó bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà ìdúpẹ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà lórí tábìlì mi. Àwọn márààrún fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mínísítà pé ó mú ohun kẹta ṣẹ. Ìyẹn ò gbà wọ́n ní ìpàdé kankan. Mo dúró díẹ̀ bóyá omijé á wá, kò wá. Gbogbo ara mi kú tipiri, bí ìgbà tí wọ́n gúnni lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ ní èdè tiwọn kò ju "a dúpẹ́" lọ. Ní èdè wa, ìyẹn kúrú jù fún ẹni ńlá, mo sì fúnra mi fi "tọkàntọkàn" kún un.