A Ti Rí I Gbà, Ẹ Ṣé

"Ẹ ní ẹ ti rí i gbà." Obìnrin náà na fóònù rẹ̀ síwájú Wosilat. "Ẹ wò ó. Ọjọ́ Ajé ni mo fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ nìyí: 'A ti rí i gbà, ẹ ṣé.' Àárọ̀ ọ̀la la máa sin màmá wa. Ọ̀ọ́dúnrún prógíràmù ni mo wá kó."

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wé Àkànó wà ní òpópónà kan ní Ṣómólú, níbi tí ilé mẹ́ta nínú mẹ́rin ti jẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ ń ró gìrìgìrì lẹ́yìn ilé, òórùn íǹkì sì gba gbogbo yàrá iwájú. Wosilat ka ohun tó wà lójú fóònù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nílò láti kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

"Kí lorúkọ yín, mà?"

"Dọlápọ̀ Ikúmápàyí. Ìlàjẹ ní Bariga ni mo ti wá."

Wosilat yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó wo gbogbo iṣẹ́ tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìwé ìkéde ìsọjí wà níbẹ̀, èèpo ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ikúmápàyí kò sí níbẹ̀. Ó tún un wò.

"Ẹ jókòó, mà. Mò ń bọ̀."

Wosilat ló kọ́ ìkànnì ilé ìtẹ̀wé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Bariga ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àkànó, ti ń jẹun lára pósítà òṣèlú láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìbò, ikú kò sì ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni Ọ̀gá ṣe pinnu pé iṣẹ́ ìsìnkú ni kí àwọn gbájú mọ́, kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú má ṣe wọkọ̀ wá sí Ṣómólú lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó jókòó sílé, kí ó fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí ó kàn wá kó ìwé rẹ̀.

Ìkànnì náà ń gbé lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn ìkànnì, nọ́ńbà ni sáfà kọ́kọ́ fi ń dá a lóhùn kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Igba túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ dáa. Irínwó lé mẹ́rin: ohun tí ẹ ń wá kò sí níbí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: nǹkan ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwa fúnra wa, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Irínwó lé mẹ́tàlá: ẹrù tí ẹ gbé wá tóbi ju ẹnu ọ̀nà wa lọ, kò wọlé. Sáfà kì í ṣàtẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni, kì í sì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni yóò ṣe sọ ọ́.

Ìyẹn gan-an ló bí Ọ̀gá Àkànó nínú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oníbàárà kan láti Obanikoro fi fọ́tò ńlá ránṣẹ́, sáfà sì fi irínwó lé mẹ́tàlá lé e padà. Ọkùnrin náà pe Ọ̀gá, ó sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

"Wosi, irú ìdáhùn wo nìyẹn?" Ọ̀gá bi í lọ́jọ́ náà. "Ẹni tó wá kí èèyàn nílé, ṣé 'kò ṣeé ṣe' la fi ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Àga là ń fún un. Bí nǹkan ò bá tiẹ̀ dáa, 'dáadáa ni' là ń dáhùn. Kọ́ ẹ̀rọ yẹn lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Tí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ò bá wá wọlé ńkọ́, sà?"

"Ìwọ á máa wò ó lẹ́yìn. Tí o bá ti rí i pé kò wọlé, wàá pè wọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí Wosilat, torí bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Oṣù mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi ṣàìsàn, "ara wọn ti ń yá" ni gbogbo ilé ń sọ fún ẹni tó bá béèrè, títí dé ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Ó jókòó, ó kọ ìlà kan ṣoṣo: ẹrù tó bá tóbi jù, kí sáfà fi igba dá a lóhùn, kí ó sì dúpẹ́. Oṣù àkọ́kọ́, ó ń wo àkọsílẹ̀ àwọn tí kò wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta, ó gbàgbé. Ohun mìíràn sì wà tó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: kò sí bí òun ṣe lè pe àwọn èèyàn náà. Inú ẹrù tí kò wọlé yẹn ni nọ́ńbà fóònù wọn wà.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ méjèèjì báyìí. Èyí àkọ́kọ́, tó wà fún gbogbo àlejò, mọ́ tónítóní: igba, igba, igba, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Ajé, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ọ̀sán, bó ṣe wà lójú fóònù obìnrin náà: igba. Ó ṣí èkejì, tó wà fún ohun tí kò wọlé. Ìṣẹ́jú kan náà, fóònù kan náà: ó tóbi jù, kò wọlé. Ó dìde lọ bá Ọ̀gá nínú yàrá rẹ̀.

Ọ̀gá Àkànó gbọ́ ọ dópin láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo obìnrin náà láti ojú gíláàsì yàrá rẹ̀. Obìnrin náà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn, ó gbé báàgì lé itan.

"Sọ fún un pé ó ti wà lórí ẹ̀rọ," Ọ̀gá wí. "Kí ó padà wá ní aago mẹ́rin. Tó bá di ọ̀sán, wàá pè é pé fáìlì yẹn ṣe ségesège díẹ̀, kí ó tún un fi ránṣẹ́. Máa rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò."

Wosilat padà síwájú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mà, ó ti wà lórí ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá lè padà wá ní aago mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á ti parí."

"Ọlọ́run ṣeun." Ara obìnrin náà rọ̀ lórí àga. "Ìgbà tí mo rí i tí ojú yín yí padà, ẹ̀rù ti bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ojú wọn lẹ́ẹ̀kan kí n tó máa lọ. Láti ọjọ́ Ajé ni mi ò ti rí i mọ́."

"Kò sí lórí fóònù yín ni, mà?"

"Fóònù mi kún. Bẹ́ ẹ ṣe ní ẹ ti rí i gbà báyìí ni mo pa gbogbo fọ́tò yẹn rẹ́, kí ti ìsìnkú lè ráyè. Fọ́tò Kérésìmesì yẹn nìkan la ní tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Omi ọ̀sà ti ba àwọn tó kù jẹ́ ní ọdún tó kọjá, ìgbà tí òjò wọlé tọ̀ wá."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Wosilat, kò mọ bí òun yóò ṣe gbé e kúrò. Ojú tì í. Tó bá di aago mẹ́rin, ohun kan náà ni wọn yóò bá: kò sí fọ́tò, wákàtí mẹ́fà yóò sì ti lọ.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, mà," ó wí. "Kò sí lórí ẹ̀rọ. A ò rí i gbà rárá."

"Kí lẹ wí?"

"Ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ tóbi jù. Kò wọlé. Ẹ má bínú, mà."

"Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé..."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí tiẹ̀ ò bá wọlé, ohun tó máa rí náà nìyẹn."

Dọlápọ̀ Ikúmápàyí kò pariwo. Ó gbé fóònù rẹ̀ sójú, ó tún ọ̀rọ̀ náà kà bí ẹni tó ń wá ibi tí òun ti ṣì í kà.

"Ta wá lẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" ó béèrè.

Ọ̀gá Àkànó ti jáde sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti já sí gbangba, kò sì sí ohun tó lè kó o padà. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn dákẹ́. Bàbá Mákánjúọlá, tó ń darí ẹ̀rọ náà láti ọdún tí wọ́n ti rà á, yọjú, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ikúmápàyí ni mo gbọ́ yẹn?" ó béèrè. "Ti Ìlàjẹ? Mà, ṣé màmá yín bá wọn ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan ẹja?"

"Akápò wọn ni, sà. Ọdún mọ́kànlá."

"Èmi ni mo tẹ álímánákì ẹgbẹ́ wọn."

Ó yíjú padà. Wọ́n tẹ̀ lé e dé yàrá ìkẹ́rùsí. Gbogbo iṣẹ́ tí Bàbá Mákánjúọlá tẹ̀ rí ló ń kan ẹyọ kan rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá náà, ọ̀kan lórí èkejì, títí ògiri fi nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì. Ọdọọdún ni Ọ̀gá ń bá a jà nítorí eku àti iná, ọdọọdún ló sì ń dáhùn pé òun á kó o dànù lẹ́yìn Iléyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tó du gómìnà tí kò wọlé wà lókè, ẹni tó du káńsẹ́lọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, ìkéde ọ̀fọ̀ lóríṣiríṣi. Eruku gba imú wọn. Ọ̀gá Àkànó, tó wọ aṣọ funfun wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bá a di ẹ̀gbẹ́ kan mú.

"Òun rè é," ni Bàbá Mákánjúọlá wí.

Álímánákì náà tóbi, orí àwọn obìnrin ogójì ló wà lójú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú gèlè àti orúkọ lábẹ́. Ìlà kejì, ẹnìkẹrin: Akápò, Ìyáàfin F. Ikúmápàyí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò bíi pé onítọ̀hún ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, ẹja sì wà lórí iná.

Wosilat ń wo ojú Dọlápọ̀, ẹ̀rù ń bà á pé yóò ní kì í ṣe èyí ni òun fẹ́. Obìnrin náà sún mọ́ ògiri. Ó fi ìka nu eruku kúrò lójú ìyá rẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe máa ń rí gan-an nìyí," ó wí. "Ẹ̀rín Kérésìmesì yẹn, àwa la fipá mú wọn rín in." Nígbà náà ló wá sunkún.

Bàbá Mákánjúọlá yọ ìṣó náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wosilat ya fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó mú un tóbi, ó fọ ojú rẹ̀ mọ́. Dọlápọ̀ jókòó tì í, ó ń sọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀ láti orí, Wosilat ń tẹ̀ ẹ́: ibi tí wọ́n bí i sí, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá sí Èkó, ọmọ mẹ́fà, mẹ́rin tó kù. Níbi tí ó bá ti gbàgbé ọdún, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni ẹ̀rọ dúró. Ọ̀gá Àkànó fúnra rẹ̀ ló gbé páálí ọ̀ọ́dúnrún ìwé náà dé inú kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ó padà wọlé, kò lọ sí yàrá rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn àga Wosilat.

"Mélòó ni?"

"Mélòó kí ni, sà?"

"Àwọn tá a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀."

Wosilat ti kà á láàárọ̀. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà. Wọ́n á ti dúró de ìpè wa títí, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn."

Láti bí oṣù mẹ́fà ni Ọ̀gá ti ń sọ ọ́ kiri pé àwọn oníbàárà ayé ìsinsìnyí kò ní láárí, pé wọn á ní àwọn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ bọ̀, a ò sì ní gbúròó wọn mọ́. Ó ti sọ ọ́ nínú ìpàdé àwọn onítẹ̀wé pàápàá.

"A lè pè wọ́n?"

"Rárá, sà. Nọ́ńbà wọn náà ò wọlé. Mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún yín ni."

Wosilat rò pé ibi tí iṣẹ́ òun parí sí nìyẹn, ó sì ń ro bí òun yóò ṣe sọ ọ́ nílé. Ọ̀gá fa àga kan, ó jókòó.

"Yọ ìlà yẹn kúrò."

Ó yọ ọ́. Sáfà yóò máa fi irínwó lé mẹ́tàlá dáhùn báyìí. "Kí la máa kọ sábẹ́ nọ́ńbà náà, sà?"

"Kọ ọ́ pé: 'Ẹ má bínú, ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kò wọlé. Ó tóbi jù.'"

"Ṣé kí n fi 'ẹ ṣé' parí ẹ̀?"

"Rárá. Nọ́ńbà fóònù mi ni kó o fi parí ẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fóònù Ọ̀gá dún bí ó ṣe fẹ́ bu àkàrà sẹ́nu. Ohùn ọkùnrin tó pè é le tó bẹ́ẹ̀ tí Wosilat ń gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí: irú wẹ́bùsáìtì wo nìyí, irú ìwọ̀sí wo nìyí. Ọ̀gá gbé fóònù jìnnà sí etí díẹ̀, ó ní sùúrù títí ọkùnrin náà fi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó wí. "Òótọ́ ló sọ fún yín. Kò wọlé." Ó fi àkàrà náà sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò yẹn, ẹ má tíì pa á rẹ́."